PBX wa kò sọ ẹni tí wọ́n ń wá fún sáfà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo fẹ́ kí ìpè tí ẹnikẹ́ni ò bá gbé ní ọ́fíìsì wa bọ́ sórí sáfà Asterisk (kọ̀ǹpútà tó ń lo ètò Asterisk láti gba ìpè), kí ẹni tó pè lè fi ohùn sílẹ̀. SIP trunk (ọ̀nà tí ìpè ń gbà kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ti so PBX, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín ìpè fóònù ní ọ́fíìsì wa, mọ́ ọn, port 5060 tí SIP ń lò ṣí, ìpè ń wọlé. Àmọ́ bí wọ́n bá pe 204, nọ́ńbà fóònù ẹnìkan ní ọ́fíìsì wa, tí kò gbé e, sáfà ò mọ̀ pé 204 ni wọ́n ń wá, ló bá ń bi oníbàárà pé "Mailbox?" Ibo ni tọ̀hún ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Mo wo INVITE (iṣẹ́ tí PBX fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpè) nínú sngrep, ètò tó ń fi iṣẹ́ SIP hàn, kò sí Diversion, ìlà tó ń sọ nọ́ńbà tí wọ́n kọ́kọ́ pè, níbẹ̀ rárá. Ṣé inú PBX ni wọ́n ti ń tan Diversion yìí sílẹ̀, àbí kí n darí 204 sí nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀? Ẹ má sọ pé kí n ra tuntun o, ọ̀gá wa ò ní gbà.