Bílì UroLift Dádì: ó ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì o. Ẹ rántí pé mo bèèrè ìdí tí bílì iṣẹ́ pírósítéètì bàbá mi (UroLift: wọ́n fi ìdè kéékèèké fa pírósítéètì, ẹ̀yà ara tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká, sẹ́yìn kí ìtọ̀ lè ráyè kọjá), ní Amẹ́ríkà níbí, fi padà wá láìsan. Kóòdù, ìyẹn nọ́mbà tí wọ́n fi ń dárúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí bílì, ló fà á. 52441 wà fún ìdè àkọ́kọ́ tí wọ́n fi fa pírósítéètì sẹ́yìn. 52442 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyókù. Akọ̀wé dókítà kọ 52441 sí gbogbo wọn, ló wá dà bí ẹni ń gbowó ohun kan léraléra!

Wọ́n ti tún un kọ. Medicare Part B (ẹ̀ka tó ń san owó dókítà nínú ìbánigbófò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà) san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó fọwọ́ sí, ìdá 20 kù sí wa lọ́rùn. Dádì ò tiẹ̀ bèèrè bílì. Oorun tó ń sùn láìdìde lọ tọ̀ ló ń ròyìn kiri. Ẹ ṣeun, mo ti pa á dé.