Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí n fi bo membrane (asẹ́ fẹ́lẹ́ oníhò wẹ́wẹ́) tí yóò ya ọ́ìlì kúrò lára omi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkúrẹ́ ni mo wà. Omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn jáde níbi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń fọ ẹ́ńjìnnì ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ibẹ̀ ò jìnnà sí Odò Àlà, ìyẹn ló sì ń ká mi lára jù.

Ọ́ìlì tó bá léfòó kò nira, a máa ń bù ú kúrò ni. Èyí tí ọṣẹ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni wàhálà. Ẹ̀kán rẹ̀ kì í sábà tó 20 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mílímítà), kì í léfòó bọ̀rọ̀, omi á kàn rú bí omi ògì. Mo fi aṣọ òwú sẹ́ ẹ, ó kọjá. Mo lo membrane tí wọ́n fi PVDF, irú ike kan, ṣe, omi tó mọ́ jáde, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tètè dí ihò rẹ̀, torí pé ọ́ìlì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn ju omi lọ.

Mo wá ń rò ó láti fi chitosan, tí wọ́n ń ṣe láti ara èèpo edé àti akàn, bò ó, kí omi lè dúró lójú rẹ̀, kí ọ́ìlì má ríbi lẹ̀ mọ́. PVA náà wà, ìyẹn irú ike mìíràn, àmọ́ ó ń yọ́ nínú omi bí kẹ́míkà mìíràn ò bá dè é.

Nínú méjèèjì, èwo ló máa pẹ́ jù nínú omi ọlọ́ṣẹ?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.