Báwo ni mo ṣe lè kọ ìbínú ọmọ tí a gbà tọ́?

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mò ń kọ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì nípa ọmọkùnrin kan tí tọkọtaya gbà tọ́ lórí Mars, níbi tí ọdún kan ti gba ọjọ́ 687 ti ayé wa, tó fi jẹ́ pé ọmọ ọdún 15 lọ́dọ̀ wa kò ju ọmọ ọdún 8 lọ lọ́hùn-ún. Nígbà tó gbọ́ pé wọn kọ́ ló bí òun, ó fi ìbínú gbá àwo oúnjẹ dànù, ṣùgbọ́n nítorí pé agbára òòfà ibẹ̀ kò tó ìdajì ti ayé, ńṣe ni àwo náà rọra já bọ́ (mo fẹ́ràn ibí yìí gan-an). Aláìmoore ni àwọn tó kà á ń pè é. Ṣé kí n jẹ́ kí ó tètè wá ìyá tó bí i lọ ni, àbí kí ìyá tó tọ́ ọ máa ṣa àfọ́kù àwo náà láìsọ̀rọ̀?