Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ìyá mi: ìdíwọ̀n wo ni kí a fi yan oògùn?

Ìyá mi, tí ó ti yan ẹja fún ọdún 30 ní Ẹ̀pẹ́, ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí àwọn dókítà ń pè ní COPD. Àyẹ̀wò èémí fi hàn pé FEV1 rẹ̀ (iye afẹ́fẹ́ tí ó lè fi ipá mí jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́) jẹ́ ìdá 54 nínú 100 iye tí ó yẹ kí ó jẹ́, èyí tí GOLD, ìlànà àgbáyé fún ìtọ́jú COPD, kà sí ìpele kejì nínú mẹ́rin. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni àìsàn náà ru sókè tí wọ́n fi dá a dúró sí ilé ìwòsàn lọ́dún tó kọjá, èyí tí ìlànà kan náà, láti 2023, fi sí ìsọ̀rí E, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn tí àìsàn wọn máa ń ru sókè. A ti gbé e kúrò nídìí ààrò (inú rẹ̀ kò dùn sí i rárá), ṣùgbọ́n salbutamol (oògùn tí ń tètè ṣí ọ̀nà èémí fún ìgbà díẹ̀) nìkan ni ó ṣì ń fà símú. Ṣé ìpele kejì ni ó yẹ kí a fi yan oògùn rẹ̀ ni, àbí ìsọ̀rí E?