Àwo orin rọ́ọ̀kì àti pọ́ọ̀pù tuntun: èwo lẹ gbọ́, báwo ló ṣe rí létí yín?

Olóyè Gìtá: Àwo orin tuntun ò jẹ́ ká sinmi lọ́dún 2024. Ẹ wá sọ èyí tẹ́ ẹ ti jókòó gbọ́ délẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ gbé ohun táwọn oníròyìn kọ wá o, a ti kà á.

Òru Ò Mọ Ẹni: Ẹgbẹ́ The Cure ni tèmi. *Songs of a Lost World*. Látọdún 2008 la ti ń retí wọn. Mo paná, mo ki earpiece bọ etí, mo tẹ orin àkọ́kọ́. Ìlù ń rọra lọ, gìtá ń ké lókè, mi ò gbọ́ ohùn èèyàn. Mo gbé fóònù wò, bóyá ó ti fo lọ síbòmíì. Rárá o, bí orin náà ṣe rí nìyẹn! Ó lé ní ìṣẹ́jú 3 kí Robert Smith, akọrin wọn, tó lanu. Àmọ́ ìgbà tó lanu tán, orí mi wú. Ẹni ọdún 65 ni lọ́dún 2024, ohùn ẹ̀ ò gbó rárá. Orin 8 péré ló wà nínú ẹ̀, èyí tó kẹ́yìn nìkan sì ju ìṣẹ́jú 10 lọ.

Ẹyẹ Àdàbà: Ìṣẹ́jú 3 kẹ́nikẹ́ni tó sọ̀rọ̀? Màá ti sùn lọ fọnfọn.

Òru Ò Mọ Ẹni: Sùn dáadáa, ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe orin ẹni tó ń kánjú.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi àwàdà sílẹ̀ díẹ̀. Orin kan wà nínú àwo yẹn tí Smith kọ nípa ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin tó kú. Ẹ̀gbọ́n tèmi náà ti lọ. Dùùrù yẹn kàn ń tẹ ohun kan náà léra wọn, kò yára, kò pariwo. Mo ti páàkì mọ́tò tán, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Mi ò tíì padà sídìí orin náà títí dòní. Ẹ má bi mí bóyá ó dáa tàbí kò dáa.

Olóyè Gìtá: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Ẹyẹ Àdàbà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Màá gbọ́ ọ lálẹ́ yìí, mi ò ní sùn.

Ariwo Lèmi: Linkin Park ni tèmi, *From Zero*, tó jáde lóṣù Kọkànlá. Emily Armstrong, akọrin wọn tuntun, mà lè ké o! Igbe kan wà nínú "Heavy Is the Crown" tó ń lọ, tó ń lọ. Mo ní kó mí, kò mí. Èmi tí mò ń gbọ́ ọ ni èémí fẹ́ẹ́ tán fún.

Tìẹ Ń Bọ̀: Ta ló ní kò lè kọrin? Chester Bennington tó ń kọrin fún wọn tẹ́lẹ̀ kú lọ́dún 2017, Rob Bourdon tó ń lu ìlù fún wọn náà ti kúrò. Kí ni wọ́n tún ń jẹ́ orúkọ yẹn fún?

Ariwo Lèmi: AC/DC ńkọ́? Bon Scott, akọrin wọn, kú lóṣù Kejì ọdún 1980, *Back in Black* jáde lóṣù Keje ọdún kan náà, Brian Johnson ló kọrin inú ẹ̀. Ṣé ẹ̀yin ò jó sí i ni?

Tìẹ Ń Bọ̀: Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Queen ńkọ́ nígbà náà? Nígbà tí wọ́n mú Paul Rodgers wá kọrin, Queen + Paul Rodgers ni wọ́n kọ sára àwo. Kò sẹ́ni tó ṣì í mú.

Ariwo Lèmi: Ta ló tiẹ̀ rántí àwo yẹn?

Tìẹ Ń Bọ̀: Èmi.

Ẹyẹ Àdàbà: Ìwọ nìkan 😂

Ọmọ Pọ́ọ̀pù: Ẹ̀yin onírọ́ọ̀kì ti gba gbogbo ibí. Taylor Swift gbé orin 16 jáde lóṣù Kẹrin, mo ń gbádùn ẹ̀ lọ, wákàtí 2 lẹ́yìn náà ó tún da 15 mìíì lé e. Mo fẹ́ràn ẹ̀ o, àmọ́ orin 31! Kí n tó dé ìdajì, mi ò mọ èyí tó parí àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́. Billie Eilish ní tiẹ̀, orin 10, ó tán. Kò tiẹ̀ gbé ìkankan síta ṣáájú, gbogbo ẹ̀ ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Àwọn ọmọ mi mọ gbogbo 31 yẹn sórí. Ọjọ́ orí ló ń dà yín láàmú.

Ọmọ Pọ́ọ̀pù: Mà, ọmọ ọdún 22 ni mí 😭

Etí Mímọ́: Gígùn kọ́ ló ń bí mi nínú o, ariwo ni. Àwọn tó ń to ohùn orin á fún ohun gbogbo pa pọ̀ tí ibi tó yẹ kó rọlẹ̀ náà á máa pariwo, etí á sì rẹ èèyàn. Ẹ gbọ́ *Death Magnetic* ti Metallica, ìlù ibẹ̀ ń ya mọ́ni létí. Àwọn olólùfẹ́ wọn fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n tún un ṣe, torí èyí tó wà nínú géèmù Guitar Hero dún gaara ju ti sídì lọ. Géèmù o!

Tìẹ Ń Bọ̀: Ọ̀gá, ọdún 2008 nìyẹn. Àwo tuntun la ń sọ.

Etí Mímọ́: Èyí tí mo bá gbọ́ lónìí ni tuntun.

Ariwo Lèmi: Earpiece wo lẹ tiẹ̀ ń lò ná?

Etí Mímọ́: Ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn o, ilẹ̀ á ṣú.

Ariwo Lèmi: Ẹ bẹ̀rẹ̀. A ò níṣẹ́ mìíì.