Ẹyin àparò kún fíríìjì mi: ta ni ń rà á?

Ìyá Jọkẹ́, Mọ́níyà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọlọ́sìn. Ọ̀rọ̀ àparò ni mo gbé wá, àwọn quail kéékèèké yìí. Ogójì abo ló wà nínú kéèjì tí káfíńtà kàn fún mi lẹ́yìn ilé, akọ mẹ́wàá sì wà láàárín wọn. Nítorí àwọn ọmọ-ọmọ mi ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè máa rí ẹyin jẹ kí wọ́n tó lọ síléèwé. Wọ́n jẹ ẹ́ títí ó fi sú wọn. Èyí tó kéré jù ti wá ń sọ pé, "Màmá, ẹyin ńlá ni mo fẹ́." Ẹ gbọ́ o, ẹni tí kò mọ iye tí wọ́n ń ta féèdì!

Kíréètì kan, ẹyin 30, ni mò ń kó lójúmọ́, nígbà mìíràn ó ń lé. Mo pín in fún àwọn aládùúgbò. Wọ́n gbà á tọpẹ́tọpẹ́ nígbà àkọ́kọ́, ní báyìí bí wọ́n bá ti rí ike lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ọkùnrin kan ní Bódìjà ní òun á máa kó gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n iye tó dá lé e kò dùn-ún gbọ́. Ó tún ní kí n kọ ọ́ sára páálí pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Mo ní rárá.

Ta ni ń rà á ní tòótọ́? Kí ni mo sì lè fi ìyókù ṣe? Ẹ má ní kí n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ o. Aṣọ ni mò ń tà.

Alásè Abẹ́òkúta
Ìyá Jọkẹ́, ẹ kú làálàá. Àwa alásè ni ẹ̀ ń wá. Ẹ wo ọbẹ̀ ọ̀fadà: bí a bá gé ẹyin adìyẹ sí méjì, pupa inú rẹ̀ á tú sínú epo. Ti àparò, odindi mẹ́ta á jókòó pẹ̀sẹ̀ lórí ata. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ńkọ́? Odindi ẹyin kan nínú ewé kọ̀ọ̀kan, kò sí àlejò tó máa sọ pé wọ́n fún òun ní àjẹkù. Mo tún ń fi ṣe ẹ́ẹ̀gì róòlù kéékèèké fún small chops.

Ohun tó ń lé alásè sá ni bíbó. Ta ló fẹ́ jókòó bó igba ẹyin lóru Ọjọ́ Ẹtì? Bí ẹ bá sè é, tí ẹ bó o, owó rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má se ti òní, kò ní bó dáadáa. Ẹ jẹ́ kó lo bí ọjọ́ mélòó kan. Omi ti gbọ́dọ̀ máa hó kí ẹ tó kó o sí i, ìṣẹ́jú 4 ti tó, kí ẹ sì dà á sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdí tó fẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Bó bá pọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà: àwọn àmì dúdúdúdú yẹn á ṣí kúrò, èèpo á sì rọ̀. Ẹ ṣàn án dáadáa o, kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ọ̀fadà kíkan.

Bàbá Ẹlẹ́yẹ, Ìlọrin
Akọ mẹ́wàá! Ẹyin jíjẹ lẹ ń tà, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yàtọ̀ sí ariwo? Abo kò nílò akọ kó tó yé. Ẹyin tí akọ bá ti kàn, ooru tiwa yìí nìkan lè mú kí ọlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà nínú rẹ̀. Èyí tí àyà rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú láìní àmì tóótòòtó, akọ nìyẹn. Ìkòkò ọbẹ̀ ló yẹ wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àparò kan ń jẹ bíi gíráàmù 25 lójúmọ́. Ogójì abo á jẹ kílò kan, kíréètì kan ni wọ́n sì ń yé fún yín. Nítorí náà, iye tí ẹ ń ra kílò féèdì kan ni kíréètì kan ná yín, ká tó sọ̀rọ̀ omi àti iná. Ẹ má tà á sísàlẹ̀ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. (Àwọn akọ yẹn ń jẹ ìdá mẹ́rin kílò lé e lórí.) Bákan náà ni gbogbo àparò ga, àfi èyí tó bá gun orí ebè, ebè tiyín ni bíbó tí Alásè wí.

Ṣé ẹ ń tan iná sólá fún wọn lálẹ́? Wọ́n ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ wákàtí 14 sí 16 kí wọ́n tó yé dáadáa, ojúmọmọ tiwa kò sì ju bíi 12 lọ. Bí ẹyin bá ti pọ̀ ju oníbàárà lọ, ẹ pa iná náà, yóò dín kù. Ẹ má sì pa ọmọ kún un nítorí òkìkí. Ní Kẹ́ńyà ní 2013, tolórí tẹlẹ́mù ló ń sin ín torí wọ́n ní oògùn ni; kí 2014 tó jìnnà, ẹyin ti pọ̀ ju ẹni tó ń rà á lọ.

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo
Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀ láti kọ irọ́ sára páálí. Mo ti rí ẹni tó ń mu ún ní tútù láràárọ̀ dípò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Oúnjẹ gidi ni, bíi márùn-ún ló tó ẹyin adìyẹ kan, ṣùgbọ́n kòkòrò salmonella lè wà nínú ẹyin tí a kò sè. Ẹ má sì fọ èyí tí ẹ fẹ́ tọ́jú. Nǹkan fẹ́lẹ́ kan bo èèpo rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí kòkòrò tètè wọlé.

Ìyá Jọkẹ́, Mọ́níyà
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pa iná sólá, akọ mẹ́jọ sì ti wọ ìkòkò. Ọmọ tó ń sọ pé ẹyin ńlá lòun fẹ́ ló jẹ itan jù. Alásè, mo fẹ́ gbé kíréètì méjì tí mo bó wá fún yín wò. Ṣé inú náílọ́ọ̀nù ni kí n kó o sí?

Alásè Abẹ́òkúta
Rárá o, náílọ́ọ̀nù á tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ike onídérí ni, ẹ bu omi tútù bò ó kó má baà gbẹ, kí ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sè é sí i lára. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni kó dé o, Sátidé ni òde. Kí ẹ tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, màá ti san owó yín. Ẹ má gbà kí alásè kankan sọ fún yín pé ó dìgbà tí òde bá parí.