Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè tẹ̀léra

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Mo ka ohun tí ọ̀gá wa fi ránṣẹ́ lánàá lórí ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò bí a bá ń wá ọdún tí wọ́n rọ ìbọn àtijọ́. Wọ́n ní kí á máa pe nọ́ńbà ara ìbọn ní "òǹkà ìtẹ̀léra", kí á sì máa pe àmì ilé tó rọ ọ́ ní "ìlà ìbọn". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

"Ra" inú "ìtẹ̀léra" ni mo ń bá jà. "Ara" ló bí i, ẹnì kan kì í sì í dá ṣe ohun tí "ra" bá wà nínú rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀léra" dáa. "Ọjọ́ kan tẹ̀léra" kì í ṣe Yorùbá. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lára ìbọn kan; ta ló wá ń tẹ̀lé? Nínú ìwé ilé iṣẹ́, níbi tí nọ́ńbà ti tò sábẹ́ ara wọn, n ó gbà fún "ìtẹ̀léra". Lára irin, rárá.

Ẹ wo ti Jámánì. Gewehr 98, ìbọn ọmọ ogun wọn láyé àtijọ́, tí wọ́n ń rọ ní ìlú Spandau, Danzig, Erfurt àti Amberg, bí nọ́ńbà bá ti dé nǹkan bí 10,000, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti 1, lẹ́tà kékeré "a" á wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìyẹn náà bá kún, ó di "b". Bí ọdún bá yí, gbogbo rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, 4321 ti Spandau lọ́dún 1915 àti 4321 ti Danzig lọ́dún 1916 kò bá ara wọn tan. Àfi kí èèyàn wo orúkọ ìlú àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ sórí irin tó di ìdí ọ̀pá ìbọn mú kó tó mọ èwo ni ẹ̀gbọ́n. Ipò ìbọn láàárín ọ̀wọ́ tirẹ̀ nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Gírámà wa sì ti ní òǹkà ipò tipẹ́: ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Kí ló ṣe tí a ò lè pè é ní "nọ́ńbà ipò"? Arákùnrin tó dábàá "nọ́ńbà ìdánimọ̀" ṣeun, ṣùgbọ́n ìdánimọ̀ kò sọ ẹni tó ṣáájú ẹnì kejì.

Ó ku "ìlà". Ohùn ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ilà ni olóólà ń kọ, ìlà ni à ń fà sórí ìwé. Ọ̀gá wa ní àbàjà àti pélé ni àwọn ní lọ́kàn, pé bí ilà ṣe ń fi ìdílé ẹni hàn ni àmì ń fi orírun ìbọn hàn. Àfiwé náà dùn létí, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n abẹ ni wọ́n fi ń kọ ilà, òòlù ni wọ́n fi ń sàmì sí irin. Ohun tí Yorùbá ń lù mọ́ nǹkan láti fi àṣẹ sí i, òǹtẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n sì ń ṣe ní ilé ìdánwò ìbọn ní Birmingham láti 1813 nìyẹn gẹ́lẹ́: wọ́n á ki ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ, wọ́n á yìn ín, bí ọ̀pá kò bá bẹ́, wọ́n á bu òǹtẹ̀ lù ú.

Ẹnu àgbà ni mo ti gbọ́ ọ. Ọdẹ ni bàbá bàbá mi, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti ṣọdẹ. Bí wọ́n bá ń nu ṣakabùlà wọn, wọ́n á ní, "Òǹtẹ̀ Òyìnbó ló wà nídìí ẹ̀ yẹn, má fi òkúta ha á." Lẹ́yìn tí wọ́n papò dà, mo fi àkísà àti kẹrosíìnì nu ìpẹtà ibẹ̀. Mo rí òbìrí tó rí bí ẹyin, lẹ́tà ELG nínú rẹ̀, ìràwọ̀ nísàlẹ̀, adé lókè. Òǹtẹ̀ Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni, ọdún 1893 sì ni wọ́n fi adé kún un. Gbogbo ilé ló sì ti ń sọ pé ìbọn náà lọ sí Kírìjì! Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886. Àbúrò bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta nítorí adé yẹn. Bàbá fúnra wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ létí mi rí.

Èyí ló jẹ́ kí n ṣọ́ra fún "ọjọ́-orí ìbọn" tí àwọn kan ti gbà báyìí. Ẹnì kan kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ìbọn Snider kan, tí wọ́n ń ki láti ìdí, irú èyí tí àwọn Èkìtìparapọ̀ lò, ní 1862 lára, nítorí náà ọdún tí wọ́n rọ ọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Snider wọlé. Ìbọn Enfield àtijọ́ tí wọ́n ń ki láti ẹnu ni wọ́n gé nídìí tí wọ́n sọ di Snider, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì gbé ọdún àtijọ́ rẹ̀ dání. Ọjọ́-orí ta ni a fẹ́ kà níbẹ̀, ti irin ẹ̀gbẹ́ ni àbí ti ìdí tuntun? Èmi á ní kí á sọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: "ọdún òǹtẹ̀" àti "ọdún àtúnrọ". Ẹni tó sọ pé ìbọn kò ní orí, nítorí náà kò lè ní ọjọ́-orí, n ó padà wá dá a lóhùn. Igi náà kò ní orí, à ń ka ọjọ́-orí rẹ̀.

Ọ̀gá wa, bí ẹ bá ṣì fẹ́ dúró lórí ilà yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ kúrò lórí "i" àkọ́kọ́.